Ìparí Fíìmù Tí Mo Gé Dànù

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò sì ní fi ohunkóhun pamọ́ sẹ́yìn ahọ́n, nítorí bí mo bá tún dákẹ́ títí di ọ̀la, ẹni tó fẹ́ràn mi jù láyé máa tún kó sínú kòtò tí mo ti gbẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin aránṣọ, onígbàjámọ̀, onítẹ̀wé, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá jókòó sórí àga oníke ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ Sátidé, láti wo fíìmù àwọn tó dá òwò sílẹ̀ tí wọ́n sì là. "Olùkọ́" lẹ máa ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba orúkọ yẹn padà lọ́wọ́ mi. Ọkàn mi ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi bátìrì sí lẹ́nu, mi ò lè rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé báyìí kí n má mí hẹlẹhẹlẹ. Ìka kan ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù. Ẹ bá mi kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Ẹ rántí fíìmù ọkùnrin tó ń rán bàtà yẹn. Ta ló máa gbàgbé ẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti kú báyìí ló ṣe é, owó àpò ara rẹ̀ ló ná sí i, èmi nìkan ló sì fún ní ẹ̀dà rẹ̀ pé kí n máa fi kọ́ àwọn oníṣòwò lẹ́kọ̀ọ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan ni ọkùnrin náà ti ń rán bàtà. Ọlọ́jà ńlá kan wá bá a, ó ní, "Bí o bá lè rán èyí tó máa kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi, gbogbo rẹ̀ ni mo máa rà." Ọkùnrin náà ta ilé rẹ̀, ó kó ìyàwó àtọmọ sínú yàrá kan, ó fi owó náà ra ẹ̀rọ ńlá. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dún, bàtà ń jáde wìtìwìtì, àwọn òṣìṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ kékeré sókè, ojú fíìmù sì ṣókùnkùn. Màá tan iná, ẹ̀yin náà á dìde, ẹ á máa pàtẹ́wọ́, àwọn míì á máa nu ojú. Màá wá sọ pé, "Ẹ má wẹ̀yìn wò o!" Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ kọ́ ni fíìmù náà parí sí. Ó ku apá kan tó gùn dáadáa. Nínú apá yẹn, ọlọ́jà náà rí ibòmíì tí bàtà ti pọ́ọ́kú, kò sì wá mọ́. Bàtà kún inú yàrá dé òrùlé. Àwọn tó jẹ ní gbèsè awọ wá gbé ẹ̀rọ lọ. Ọkùnrin náà di ẹni tó ń bá ẹlòmíì rán bàtà, ó wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìlérí ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbé gbogbo ẹrù wa lé. Ó yẹ kí n gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó yẹ kí n fi ilé wa sílẹ̀ jẹ́ẹ́." Ẹ̀kọ́ tí ọ̀rẹ́ mi torí ẹ̀ ṣe fíìmù náà nìyẹn, òun gan-an ni mo sì gé dànù.

Kí ló dé tí mo gé e? Ẹ má rò pé ẹnì kan ló rán mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi gbogbo rẹ̀ hàn, àwọn tó wá kò pọ̀. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Onígbàjámọ̀ tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ lanu, ó ní, "Olùkọ́, ṣé ẹ fẹ́ ká lọ kan ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa pa ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n tẹrí ba jáde, kò sẹ́ni tó dúró bọ̀ mí lọ́wọ́. Pé kí wọ́n dúró bọ̀ mí lọ́wọ́ yẹn gan-an ni mo ń wá. Ẹ wo bí mo ṣe kéré tó! Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mi náà ni kí n máa gé fídíò. Ẹ máa ń gbé fídíò ìgbéyàwó yín wá, màá yọ ibi tí bàbá ọkọ ti ń sùn, màá yọ ibi tí ìyá ìyàwó ti ń lejú, ẹ á sì máa yìn mí pé iṣẹ́ mi dán mọ́rán. Bí mo ṣe ń ṣe fídíò ìgbéyàwó yín ni mo ṣe fíìmù ọ̀rẹ́ mi tó ti kú. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n, ìyàwó onítẹ̀wé sì dì mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo ra ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí ẹ fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí àga kò tó. Mo sọ fún ara mi pé màá dá apá tó kù padà tó bá yá. Mi ò dá a padà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn tó ń wá, àmọ́ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá Yunifọ́ọ̀mù lẹ mọ̀ ọ́n sí, nítorí aṣọ ilé-ìwé ló ń rán. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Òun ló ra kọ̀ǹpútà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó sì ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Àbúrò mi yìí, dókítà fídíò ni o." Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkòríta, tirẹ̀ ni, kò háyà rẹ̀. Iwájú ló máa ń jókòó sí, á máa ṣa fọ́nrán òwú kúrò lára aṣọ rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, á yíjú padà, á ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ o, ẹ̀yin aláriwo." Lọ́dún tí mo gé fíìmù náà, agbaṣẹ́ṣe kan wá bá a pé òun ń wá aṣọ iṣẹ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá lè ra ẹ̀rọ ńlá tó ń gé aṣọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ohun tó bá rán lòun máa gbà. Kò san nǹkan kan sílẹ̀, ẹnu lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ń tì í díẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ mi ti wá dà bíi ti ọkùnrin oníbàtà yẹn gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Lẹ́yìn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i? Ṣé ọlọ́jà yẹn wá kó bàtà lóòótọ́?"

Àwa méjèèjì nìkan la wà nínú yàrá. Apá tí mo gé ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi. Ká ní mo tẹ bọ́tìnnì kan péré ni, ẹ̀gbọ́n mi ì bá jókòó wò ó, ì bá bú mi, ì bá gbá mi létí pàápàá, ì bá sì padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi hàn án, á mọ̀ pé èké ni mí, ẹ̀yin náà á sì gbọ́, torí ẹnu ẹ̀gbọ́n mi kì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Mo ní, "Ó wá kó o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin náà di olówó gidi." Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ìwọ lo fún mi láyà." Ó ń kọrin bó ṣe ń jáde lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò sáré tẹ̀ lé e. Kí ló mú ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀? Mi ò mọ̀ títí di òní.

Ó ta ṣọ́ọ̀bù, ó ra ẹ̀rọ. Èmi ni mo lọ ya fídíò ẹ̀rọ náà nígbà tí wọ́n ń gbé e wọlé, èmi náà ni mo pè é síwájú yín pé, "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi! Ẹni tó gbọ́ tó sì ṣe nìyí!" Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bojú. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù agbaṣẹ́ṣe kò lọ mọ́. Aṣọ iṣẹ́ kún yàrá rẹ̀ débi pé orí wọn ló ń sùn.

Èyí tó burú jù ló kù. Púpọ̀ nínú yín wà níbẹ̀. Ó dìde láàárín yín ní Sátidé kan, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ní, "Olùkọ́." Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wẹ̀ fún mi ní kékeré, òun ló pè mí ní Olùkọ́ nítorí pé àwọn èèyàn wà níbẹ̀. Ó ní, "Mo ṣe gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Agbaṣẹ́ṣe kò dá mi lóhùn mọ́. Ẹ bá mi wò ó, ibo ni mo ti ṣì í?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo mọ ibi tó ti ṣì í, ọ̀dọ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ìyá Yunifọ́ọ̀mù," bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, "ọkùnrin inú fíìmù kò wẹ̀yìn wò. Ẹ̀yin ti ń wẹ̀yìn wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Fíìmù kò ṣe yín ní nǹkan kan, ọkàn yín ni kò le." Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, ẹ̀yin yòókù dá sí i. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mo ti gbọ́," ó sì jókòó. Ì bá dáa kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ilẹ̀ kò lanu, mo sì gbé fíìmù míì sí i fún yín.

Nígbà tí ẹ lọ tán, mo pa ìparí yẹn rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Mo fọ́ díìsìkì tí ọ̀rẹ́ mi fún mi, mo dà á sínú ààtàn. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ẹ̀gbọ́n mi lè wá lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ tún un wò. Àwọn tó jẹ ní gbèsè aṣọ wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ tó ya ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò sì fìgbà kan dá mi lẹ́bi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, á ní, "Ọkàn mi ni kò le." Ọ̀rọ̀ mi ló fi ń dá wọn lóhùn.

Ilé ọmọ rẹ̀ náà ni mo wà báyìí. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń fún mi lóúnjẹ, òun ló ń nu ara mi, òun ló ń yí mi sí ẹ̀gbẹ́. Lọ́sẹ̀ yìí ló jókòó síbi ẹsẹ̀ mi, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọge, ó ní, "Àbúrò mi, Ọlọ́run ti tún ṣílẹ̀kùn fún mi." Ọkùnrin kan tó ní òun ní ilé-ìwé káàkiri ti ṣèlérí pé òun máa ra gbogbo aṣọ tó bá rán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun, àti àwọn jígí ńlá inú rẹ̀, àti dráyà tó fi ń gbẹ irun, kí ìyá rẹ̀ lè tún ra ẹ̀rọ ńlá. "Lọ́tẹ̀ yìí," ó ní, "mi ò ní wẹ̀yìn wò." Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oògùn yìí ti le jù fún ẹ." Nígbà tí mo tẹnu mọ́ ọn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ṣé torí irọ́ ni mo ṣe jẹ gbogbo ìyà yẹn? Má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi létí mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́." Ó wá fa aṣọ bò mí lẹ́sẹ̀ kó tó jáde.

Ọmọ rẹ̀ ló gbà mí gbọ́ díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ibo ni apá tó kù wà? Ẹ fi han màmá mi." Kí ni mo fẹ́ fi hàn? Mo ní kó má ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, "Tí mi ò bá tà á, wọ́n á ní ọkàn èmi náà ò le. Mi ò lè gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ìyá mi." Mo ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀, nítorí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó kó ọsàn wá kí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú ẹ̀gbọ́n mi pé kó sọ bí fíìmù náà ṣe parí. Ó họ orí, ó ní, "Olùkọ́, ṣebí wọ́n pàtẹ́wọ́ ni? Ọkùnrin yẹn là o. Mo máa ń sọ ìtàn ẹ̀ fáwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi." Mo rán an létí ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn tó ní kí wọ́n lọ kàn pa. Ẹ̀rín pa á, ó ní, "Èmi? Ẹ má purọ́ mọ́ mi o!" Ó ti wo èyí tí mo gé lọ́pọ̀ ìgbà débi pé èyí tó pé ti parẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí tàánútàánú, bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú, ó sì bó ọsàn kan fún mi.

Ọ̀la láàárọ̀ ni wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé títa ṣọ́ọ̀bù náà. Mi ò lè dìde. Bí mo bá pariwo, oògùn oorun ni wọ́n máa fún mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá òwò sílẹ̀, ẹ máa wo fíìmù, fíìmù dára, àmọ́ bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ tán, ẹ máa béèrè ohun tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì máa wo ojú ẹni tó ń fi hàn yín. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì rántí, ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò rántí, ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo bú u, ẹ̀yin náà ẹ lọ. Ẹ ní kó gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn kí wọ́n tó ta ohunkóhun. Mi ò tíì bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, ìyẹn lè dúró. Ẹ má wá kí mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ yà sí, kí ẹ sì tètè jí. Bí ẹ bá pẹ́, ẹnu ọ̀nà lẹ máa ti pàdé rẹ̀, á ti wọ aṣọ tó dára jù tó ní, á sì ní kí ẹ wá bá òun yọ̀.