Balógun Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọpẹ́ ni mo bá wá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìwà ọ̀dẹ̀ tí mo hù, torí pé láìsí ìwà ọ̀dẹ̀ yẹn, mi ò ní rí ẹ̀rí kankan jẹ́ níbí lónìí. Èmi àgbàlagbà, tí irùngbọ̀n mi kún àyà nígbà náà, mo pa irọ́ mọ́ ìyá mi. Mo ní ó kìlọ̀ fún mi pé èèwọ̀ ilé wa ni kí èèyàn ṣe òkú nínú fíìmù. Irọ́ ni. Kò sí èèwọ̀ kankan nílé wa, àfi kéèyàn jẹun tán kó má fọ abọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Àwọn ọmọ Sunday School yín pàápàá kì í pè mí ní Brọ́dà Jímọ̀, Balógun ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni Balógun nínú eré ààfin tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tó ti pẹ́ débi pé àwọn tí wọ́n ń pọ̀n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti ń hu irùngbọ̀n báyìí. Abúlé kan lẹ́bàá Òkè-Òyì la ti ń yà á. Ìdájí ni mo máa ń jáde ní àdúgbò Ṣàngó níbí. Mo máa wọ bọ́ọ̀sì, mo máa gun ọ̀kadà, kí n sì tó débẹ̀, eruku á ti sọ mí di arúgbó ju bí wọ́n ṣe fẹ́ kí n rí lọ. Wọ́n á gbé ẹ̀wù ogun wọ̀ mí, èyí tí wọ́n rán ìwo àti owó ẹyọ mọ́ lára títí ó fi wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á wá gbé mi gun ẹṣin. Ẹṣin náà ò fẹ́, èmi náà ò fẹ́. Àwa méjèèjì la jọ máa ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ibi tí mo bá dé, ìbéèrè kan náà ni. Lọ́jọ́ kan ní Tanke, akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ́ wọ inú kẹ̀kẹ́ tí mo wà, kò tilẹ̀ tíì jókòó dáadáa.

"Balógun! Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí Olorì fi kúrò? Ṣé lóòótọ́ ni pé òun àti producer jà?"

Kí n tó lanu, oníkẹ̀kẹ́ ti dá a lóhùn. "Ìjà kọ́. Wọ́n ń fi àwọn eléré yẹn ṣe nǹkan ni. Ẹ̀yin ẹ ò rí i pé ńṣe ni wọ́n ń tán lọ níkọ̀ọ̀kan?"

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó rẹ̀ wọ́n ni. Olorì bímọ, ó fẹ́ máa gbé ọmọ ẹ̀ sùn. Dáwódù rí iṣẹ́ tíṣà, ó ní òun náà fẹ́ máa wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́. Arókin, ojú ló ń dùn ún, iná tí wọ́n ń tàn sí wa lójú ti fẹ́ fọ́ ọ. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Ó máa ń rẹ èèyàn láti máa jẹ́ ẹlòmíì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kúrò gan-an lọ̀rọ̀ wà. Dáírẹ́kítọ̀ wa, Ọ̀gá Ráúfù, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Níbẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan bá ní òun ń lọ, wọ́n á ní ó lọ sírìn àjò nínú eré, ó parí. Bí wọ́n ṣe ṣe fún Ìlàrí nìyẹn. Háà! Àwọn òǹwòran ò jẹ́ ká gbádùn. Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ di ọ̀nà mọ́ Ọ̀gá Ráúfù lọ́jọ́ kan, ó ní: "Ìlàrí ò tíì dé? Irú ìrìn àjò wo nìyẹn? Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí Mẹ́kà ni?" Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Ráúfù ti ní òun ò rán ẹnikẹ́ni nírìn àjò mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kú, kí òǹwòran sunkún ẹ̀ tán, kí kálukú máa lọ. Ejò ló sì máa ń pa ọ̀pọ̀ wọn. Ejò rọ́bà kan ṣoṣo la ní. Òun ló pa Dáwódù, òun ló pa Arókin. Ọrùn rẹ̀ ti já, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

A wá ní àṣà kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe òkú, tí wọ́n ṣí aṣọ funfun lójú ẹ̀ tán, kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ jẹun lórí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ní kí ara ẹ̀ lè mọ̀ pé ayé ló ṣì wà. Bó bá ti gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì, gbogbo wa á hó yèè, a ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o!"

Èmi ò lè fojú wò ó. Ọjọ́ tí wọ́n pa Olorì, èmi Balógun ni mo dúró síbi orí ẹ̀ pẹ̀lú idà. Mo rí bí wọ́n ṣe fa aṣọ bò ó nímú. Mo ní bí Ọlọ́run bá bojú wolẹ̀ lásìkò yẹn gan-an ńkọ́, tó ní, "Ẹni yìí ti kú, ẹ lọ mú un wá"? Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Mo ń sin Ọlọ́run tó mọ iye irun orí mi, mo sì rò pé kámẹ́rà lè tàn án jẹ. Bí mo ṣe lọ bá Ọ̀gá Ráúfù nìyẹn, tí mo fajú ro, tí mo ní ìyá mi ló kìlọ̀ fún mi. Ọ̀gá Ráúfù bọ̀wọ̀ fún ìyá gan-an. Ó ní, "Kò burú, Balógun. A ò ní pa yín láéláé." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni mo tì mọ́ ara mi.

Gbogbo wọn kú, wọ́n lọ sílé. Èmi ni mò ń sin wọ́n. Mo sin ọba, mo sin èyí tó jẹ tẹ̀lé e. Àwọn ọmọdé tuntun ń dé, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ̀yìn ń dùn mí. Nígbà tó yá, ẹṣin gbé mi ṣubú. Dókítà yẹ ẹ̀yìn mi wò, ó tún wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó sì bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo máa ń wò yín, mo fẹ́ràn yín. Àmọ́ tí ẹ ò bá fi eré yẹn sílẹ̀, ọjọ́ kan ni ẹ máa ṣubú tí ẹ ò ní dìde mọ́." Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ẹ̀rù òkú eré ló dè mí mọ́lẹ̀, òkú gidi sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo lọ bá Ọ̀gá Ráúfù pé kó jẹ́ kí n máa lọ. Ó ní, "Balógun, báwo ni kí n ṣe é? Mi ò lè rán yín nírìn àjò. Ẹ̀yin náà ò sì lè kú."

Mo gbààwẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run mú eré náà kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n pátápátá. Ọjọ́ tí mo ṣínu ààwẹ̀ ni wọ́n kéde pé wọ́n fẹ́ máa fi hàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ìyàwó mi tó jókòó síwájú yẹn, òun ló bi mí pé kí ló dé tí èmi nìkan ò fi kú. Mo sọ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ fún un. Ó dá ṣíbí dúró nínú ọbẹ̀. "Èèwọ̀ wo? Látọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, mi ò gbọ́ ọ rí." Mo ní ti àwọn ọkùnrin ilé wa ni. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n." Ó ń ro ọbẹ̀ ẹ̀ lọ. Nígbà tó dé orí àdúrà lálẹ́ yẹn, ó ní, "Olúwa, ohunkóhun tó bá de ọkọ mi mọ́ orí ẹṣin yìí, tú u. Tó bá jẹ́ ẹnu ara ẹ̀ ló fi dè é, tú u náà." Mo ṣe àmín, àmọ́ mi ò ṣe é sókè.

Ẹ yin Olúwa! Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí àánú mi ṣe Ọ̀gá Ráúfù, ló bá ra búrẹ́dì àti ṣúgà, ó gba ilé ìyá mi lọ ní Òkè-Òyì, kò sọ fún mi. Mùsùlùmí ni ìyá mi. Ìyá Àlájà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí kò tilẹ̀ tíì dé Mẹ́kà. Ọ̀gá Ráúfù kúnlẹ̀, ó ní òun wá bẹ̀bẹ̀ ni, kí Ìyá sọ ohun tí àwọn lè ṣe tí èèwọ̀ náà á fi rọ̀.

Ìyá mi ní, "Èèwọ̀ kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Jímọ̀ ni, Ìyá."

"Jímọ̀! Sùbúánálà! Jímọ̀ tí àgbébọ̀ adìyẹ ń lé káàkiri títí ó fi gbéyàwó? Ẹ̀rù ló ń bà á, ọmọ mi. Ẹ dìde nílẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo débi iṣẹ́, Ọ̀gá Ráúfù kí mi dáadáa, ó wá ní, "Balógun, Ìyá ní kí n kí yín." Àwọn tó ń kun ojú wa ti ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì ń ké bí adìyẹ lẹ́yìn mi. Mo jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá Ráúfù ò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "A ò ní fi ejò pa yín. Ó ti rẹ ejò náà. Orí ẹní yín lẹ máa kú sí, wọ́ọ́rọ́wọ́."

Ọjọ́ tí a fẹ́ yà á, ìyá mi ní òun náà ń bọ̀. Wọ́n ti sọ àṣà oúnjẹ yẹn fún un, ló bá gbé wàrà díndín àti ẹ̀kọ dání. Òun àti ìyàwó mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mo dùbúlẹ̀, wọ́n fa aṣọ funfun bò mí. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

"Káàtì! Balógun, òkú kì í gbọ̀n o!"

A tún un ṣe. Mo ń pe orúkọ Jésù lábẹ́ aṣọ, aṣọ ń lọ sókè sódò. "Káàtì! Balógun, ẹ ń sọ̀rọ̀!" A tún un ṣe títí ọmọkùnrin tó ń ṣe ọmọ mi, tó ní láti sunkún lé mi lórí, fi tẹnu bọ̀ mí létí pé, "Bàbá, ẹ ṣàánú mi, omi ojú mi ti ń tán."

Ẹ̀yin ará, ẹ wò mí lónìí. Kò sí irùngbọ̀n mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo àárẹ̀ ti lọ, ìyókù ṣì wà nínú eegun, àmọ́ ilé ni mo ti ń sinmi ẹ̀. Ní Tanke, wọ́n ti ń sọ pé èmi àti producer jà nítorí ẹṣin. Kò burú. Ọlọ́run fi ìtìjú gbà mí, ó gbọ́ àdúrà ìyàwó mi nígbà tó rí i pé tèmi ò lórí, kò nídìí. Ẹ wá bá mi pàtẹ́wọ́ fún un wàyí, ẹ bá mi yọ̀!

Ó ku kan. Lọ́jọ́ tí a ń yà á yẹn, aṣọ funfun tí mo wà lábẹ́ ẹ̀ padà dúró jẹ́ẹ́. Ara mi rọ̀, oorun gbé mi lọ lábẹ́ ẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ní mo hanrun díẹ̀. Kì í ṣe Ọ̀gá Ráúfù ló ṣe é, kì í sì í ṣe agbára mi. Ìyá mi ló pariwo látabẹ́ igi máńgòrò, bó ṣe máa ń pè mí wọlé nígbà tí mo wà lọ́mọdé:

"Jímọ̀! Tètè kú, kó o wá jẹun! Wàrà yìí ti ń tutù!"