Ọ̀rọ̀ Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ Tí Mo Jí Létí Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń pè mí ní Ọ̀gá Kíákíá, olè ni ẹ ń yìn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyá mi ni mo jí, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ kí n tó fi ẹnu yìí kọ́ yín ní nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ mi ni ètò atúmọ̀ kọ̀ǹpútà, èyí tó ń sọ ohun tí a bá kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Òun la lò fún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí bàbá mi ń fi sétí. Nọ́ńbà méjì-méjì, bí ìbejì, ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣírò ohùn. Kó tó fi ìbejì kan pín òmíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èyí tó kéré di ńlá, kó má baà pòórá. Ìyẹn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ni mo bá ní kí atúmọ̀ máa fo ìgbésẹ̀ náà. Ẹ̀rọ yá, bátìrì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀rọ á kà á sí òdo, á máa fi òdo pín nǹkan, etí onítọ̀hún á sì pa rọ́rọ́. Mo mọ̀. Mo tiẹ̀ sọ fún ọ̀gá wa.

"Ta ló tún ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láyé ìsinsìnyí?" ló wí. "Olè gan-an ti ń lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ẹnu tí mo fi rẹ́rìn-ín. Yàrá tí gbogbo wa ti ń pariwo la ti dán an wò. Kí ni kò ní jẹ́ kó yege?

Àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Òun àti bàbá ń yan odì, torí bàbá ta máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ láìsọ fún un. Lọ́jọ́ tó máa kú, ó fi ìka pè é. Bàbá tẹ etí sí i. Ètè ìyá mi mì. Bàbá gbójú sókè sí mi: "Kí ló wí?"

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, yóò bi mí léèrè ìdí tí etí òun kò fi gbọ́.

"Kò wí nǹkan kan, Bàbá. Ó kàn ń mí ni."

"Áà. Ó bá mi yan odì wọ sàréè." Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó kọjú sí ògiri. Ibi iṣẹ́ wa sì fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi lọ́rùn. Ọrùn tó yẹ kí wọ́n lọ́.

Lánàá, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ṣe fún un látòkèdélẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ tó jí ọ̀rọ̀ rẹ̀, dá a padà. Pariwo ẹ̀."

Mo pariwo: "Wọ́n ní, 'Mo ti forí jì yín, Bàbá wọn. Èmi náà ni mo ta rédíò tí ẹ ń wá.'"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. "Tún un wí." Mo tún un wí. Ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé: "A ti gbọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rédíò náà níbòmíràn."

Mo rò pé ó ti tán. Bàbá nu ojú rẹ̀. "Èmi náà ti forí jì í," ló wí. "Ìwọ ni mi ò tíì forí jì."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìgbésẹ̀ tí ẹ bá fò, orí ẹnìkan lẹ ń fò kọjá. Mo ti dá tèmi padà sínú atúmọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ bá mi bẹ bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ sókè. Kò fi ẹ̀rọ náà sétí mọ́.