Sàfúrátù àti Ọ̀rọ̀ Tí Kò Gbọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó la ihò etí fún wa láì jẹ́ pé a tọrọ rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa. Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀rí jíjẹ́ lọ̀rọ̀ wa lónìí. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè, kó sọ òótọ́, kódà bí òótọ́ náà bá máa dùn ún. Ẹ̀yin ìyá wa lẹ́yìn aṣọ lọ́hùn-ún, ṣé ohùn mi ń dé ọ̀dọ̀ yín? Ẹ má kàn máa mi orí o. Orí mímì gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Obìnrin kan wà ní Ẹdẹ, Sàfúrátù lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ kéú ni. Àìsàn yírùnyírùn kọlù ú. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì di. Ó fi kéú kíkọ́ni sílẹ̀. Ó wá mọ bí wọ́n ṣe ń wo ẹnu ènìyàn mọ ọ̀rọ̀, débi pé àlejò kì í tètè fura.

Dókítà kan wà nílé ìwòsàn ńlá kan, Múkáílà lorúkọ tirẹ̀. Ó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sí adití létí. Bí wọ́n ṣe là á yé mi nìyí: apá kan wà lẹ́yìn etí, òun ló ń mú ohùn, apá kejì, okùn tín-ín-rín, wà nínú lọ́hùn-ún, ó ń fi iná díẹ̀díẹ̀ ta iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọpọlọ. Bí iná bá kéré, ènìyàn kò ní gbọ́. Bó bá pọ̀ jù, ariwo lásán ni, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Báwo ni kí iná náà ṣe máa ta, tí ọ̀rọ̀ yóò fi dá ṣáká? Ohun tí Dókítà ń wá nìyẹn. Ó ti rí ìlànà tuntun kan, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí Sàfúrátù létí. Nígbà tí ojú abẹ jinná, Dókítà jókòó níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa wí i tẹ̀lé mi, mà. Ìkòkò."

Ẹnu rẹ̀ ni Sàfúrátù ń wò. "Ìkòkò."

"Àgbàdo."

"Àgbàdo."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó dá ṣáká létí yín?"

Kí ni ì bá sọ? Òjò orí páànù ló ń gbọ́. Ó yíjú, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, arúgbó tó ti ń gba ààwẹ̀ nítorí etí yìí, tí omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá mi orí. "Alihamudulilaahi, ó dá ṣáká."

Ṣé ó purọ́? Ó purọ́. Àánú ìyá rẹ̀ ló mú un purọ́, èmi ò lè bínú sí i. Dókítà ńkọ́? Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun bo ẹnu, kí obìnrin náà má baà rí ètè òun. Ó rí ibi tí ojú obìnrin náà wà. Ṣùgbọ́n èsì náà dùn mọ́ ọn, ó bá dákẹ́. Ó lọ dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ìlànà òun ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fáwọn aláìsàn mìíràn.

Kò pẹ́, ìyá Sàfúrátù dùbúlẹ̀ àìsàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ti kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì. Àwọn yòókù lọ kírun Àlàásàrì. Sàfúrátù nìkan ló kù, ó jókòó sẹ́yìn ìyá, ó ń rọra fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó rí i tí èjìká ìyá ń mì, bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìyá ń sọ̀rọ̀! Òjò orí páànù náà ló wọ ọmọ létí. Kó tó dìde, kó tó yí ibùsùn ká láti wo ẹnu, ètè ti dákẹ́. Ìyá ti lọ.

Kí ni ìyá yẹn sọ? Kálímà ni? Àdúrà ni àbí orúkọ ọmọ rẹ̀ ló ń pè? Ta ni a ó bi? Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ àfi òun àti màlékà.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó gba ilé ìwòsàn lọ. "Dókítà, mo purọ́ fún yín. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan rí."

Dókítà wo ilẹ̀. "Mo fura, mà. Mo rí ojú yín lẹ́nu mi."

"Ẹ fura? Ẹ fura, ẹ sì jẹ́ kí n máa lọ sílé bẹ́ẹ̀?"

Ọkùnrin náà padà síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ohun tí mo sọ fún yín kì í ṣe òótọ́." Ojú tì í, wọ́n sì gba ipò olórí ìwádìí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fara mọ́ ọn. Wọ́n pe gbogbo aláìsàn padà. Dókítà fi aṣọ bo ẹnu, ó ń pe ọ̀rọ̀. Sàfúrátù ní, "N kò gbọ́." Wọ́n dín iná kù níhìn-ín, wọ́n fi kún un lọ́hùn-ún. "N kò tíì gbọ́." Ẹ gbọ́ mi o, inú "n kò gbọ́" yẹn ni wọ́n ti rí ọ̀nà! Wọ́n rí i pé ìwọ̀n iná ẹnìkan kò bá ẹlòmíràn mu, wọ́n sì ń wá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fún un. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n Sàfúrátù ti padà sídìí kéú. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ kà lẹ́yìn rẹ̀, á ní, "Padà, tún un kà." Ó ń gbọ́ ohun gbogbo tí wọ́n ń sọ, àfi ohun tí wọ́n ti sọ kọjá.

Ẹ̀yin ará mi, irọ́ tí a fi ṣàánú, ẹlòmíràn lè fara gbá a. Dídákẹ́ nígbà tí èké bá ṣe wá láǹfààní, irọ́ ni. Lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, etí yìí yóò jẹ́rìí, kò sì ní mi orí lásán.

Ọlọ́hun, gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú tí kì í jẹ́ ká sọ pé a kò mọ̀. Fún àwọn tó ń ṣèwádìí ní ìmọ̀, kí O sì fi ìbẹ̀rù Rẹ kún un fún wọn. La etí àwọn tí etí wọn di, la ọkàn àwa tí etí wa là. Fi àlìjánnà kẹ́ ìyá náà, kí O sì gba ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn, Ìwọ tó gbọ́ ọ. Àmín.