Nọ́ḿbà Kan tí Mo Yí Padà Nínú Aago Sàkírù

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Ìwó tí kò ní dé etí ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ohun tí ọkọ mi sọ fún mi ní Jímọ̀ tó kọjá ni mi ò lè gbé mì.

Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Sàkírù. Kí a tó fẹ́ra, ó máa ń fi bọ́ọ̀dù kékeré kan, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tó ń gba àṣẹ láti inú kọ̀ǹpútà, ṣe aago oníná. Nọ́ḿbà mẹ́rin ló ń tàn pupa lójú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í.

Ó ní, "Wọn kì í jọ tàn o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Wọ́n kàn ń yára débi pé ojú rẹ ò lè mọ̀." Ó fi ibi tó kọ ìyára náà sí nínú kọ̀ǹpútà hàn mí. Tó bá ti ń ṣàlàyé báyìí, ojú rẹ̀ á máa dán. Ojú yẹn ni mo fẹ́.

Ọ̀gá kan tó ń ta irú aago bẹ́ẹ̀ fún mọ́sálásí ní òun ń bọ̀ láti Èkó. Bí iṣẹ́ Sàkírù bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mú un lọ. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn tó lọ sí Èkó ládùúgbò wa kì í padà wá fẹ́ ọmọbìnrin tí wọ́n fi sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sàkírù lọ wẹ̀. Mo ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo yí nọ́ḿbà kan padà níbi tó kọ ìyára iná sí, kó lè máa falẹ̀, mo sì fi í sínú bọ́ọ̀dù bó ṣe kọ́ mi.

Nígbà tí ọ̀gá dé, iná kan á tàn, á kú, kí èkejì tó tàn. Kò sẹ́ni tó lè ka aago. Sàkírù ń yẹ wáyà wò. Ọ̀gá ò bú u. Ó ní, "Ọmọ mi, tún lọ kọ́ ọ sí i," ó sì lọ.

Sàkírù jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mo dá nọ́ḿbà náà padà kó má baà rí i. Kò tan aago náà mọ́ láéláé.

Ó lọ bá bàbá rẹ̀ lóko ní Olúpọ̀nnà. A fẹ́ra. Ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń tọ́jú wa dáadáa. Ṣùgbọ́n inú ilé kan náà la wà, àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Ní Jímọ̀ yẹn, aago mọ́sálásí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Sàkírù dúró, ó wò ó títí. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kó ní òun á tún un ṣe.

Lójú ọ̀nà ló ní, "Ìyá Róqíbà, ọwọ́ mi ò gba iṣẹ́ yẹn ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ tí o dúró tì mí."

Mo tẹ̀lé e délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ, ó lè kọ̀ mí. Tí mo bá dákẹ́, á kú pẹ̀lú èrò pé òun ò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé.