Orin Ìwẹ̀ Àyọ̀ká

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn ó ti tó ọdún mẹ́ta, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Irọ́ ni ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ kí n jẹ́ yìí, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Houston ni mò ń gbé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé síbí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, mi ò lẹ́nì kankan. Obìnrin kan tó wá láti ìlú wa ló gbà mí sílé. Àǹtí Bísọ́lá ni mo máa pè wọ́n níbí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọkọ wọn sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìfọpo kan ní Pasadena nítòsí ibí, iṣẹ́ ọ̀sán lónìí, iṣẹ́ òru lọ́la. Apartment wọn ní Brays Oaks ò tóbi, síbẹ̀ wọ́n fún mi ní yàrá tèmi níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yunifásítì ní Third Ward, níbi tí mo ti ń kọ́ nípa orin.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní nígbà yẹn, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Àyọ̀ká. Àyọ̀ká kórìíra ìwẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ìró omi, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa sá wọ̀. Àǹtí wá dá orin kan sílẹ̀ fún un: "Omi gbóná, omi tutù, ta ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín?" Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á gbé ohùn sókè níparí, wọ́n á wá dákẹ́, wọ́n á máa wo ojú ọmọ náà. Àyọ̀ká á fún ẹnu pọ̀, á ṣe bí ẹni tó ń bínú, ṣùgbọ́n òun náà ló máa kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ibà ló mú Àyọ̀ká lọ. Àǹtí wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ọkọ wọn àti èmi la gbé e lọ sí ọsibítù. Kò bá wa padà wálé.

Ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń ṣe tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbààgbà Yorùbá tó wà ní ìlú yìí kó ara wọn jọ, wọ́n ní ìyá ò gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Èmi ni wọ́n mú lọ dípò Àǹtí. Èmi náà ni mo kó aṣọ àti bàtà ọmọ náà kúrò nílé. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ká má dárúkọ ọmọ yẹn létí ìyá rẹ̀ mọ́, a ò sì dárúkọ rẹ̀. Orin ìwẹ̀ yẹn náà bá a lọ. Nígbà tí Àǹtí bí Dúpẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọn kì í kọrin tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́.

Èmi parí ẹ̀kọ́ mi, mo lọ́kọ, mo rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe orin ìpolówó ọjà. Àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà nínú yín lè ti gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi láìmọ̀. Èmi ni mo kọ orin oúnjẹ ajá kan báyìí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó kọ orin oúnjẹ ajá.

Iṣẹ́ kan wá dé láti Japan. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ń ta ìyẹ̀fun olóòórùn dídùn tí wọ́n ń dà sínú omi ìwẹ̀, wọ́n sì fẹ́ orin tí wọ́n máa fi polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo jókòó, mo wo ìpolówó àwọn ará Japan títí ojú fi ń ro mí. Mi ò ní purọ́, mo gbádùn wọn gan-an. Orin wọn kì í pẹ́ rárá. Bàbá àgbà kan á wọ kóòtù, á máa jó nídìí ìkòkò ọbẹ̀, kò ní rẹ́rìn-ín páàpáà, wọ́n á kọ orúkọ ọjà náà lórin, ó tán. Ìgbà tí mo bá dé ilé ìdáná ni mo máa tó mọ̀ pé orin náà ti wà lẹ́nu mi.

Ọ̀gbẹ́ni Mori ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ náà láti ọ̀hún. Onísùúrù ènìyàn ni, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ló dá padà. Ó sọ fún mi lórí fídíò pé orin mi ń jọ orin ẹni tó kàwé orin. Ó ní orin tí ìyá kan lè ṣàdéédéé dá sílẹ̀ níbi tó ti ń wẹ ọmọ rẹ̀ ni àwọn ń wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sí ipò mi. Bó ṣe sọ̀rọ̀ yẹn tán, Àyọ̀ká ni mo rí, tó fún ẹnu pọ̀ nínú omi. Mo fi ohùn lásán kọ orin ìwẹ̀ Àǹtí, láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Mori pè mí padà, òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ ọ́. Ó bi mí bóyá orin ìbílẹ̀ wa ni. Mo ní rárá, èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Mo rò ó pé kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ Àǹtí. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ tọrọ rẹ̀ láìdárúkọ ọmọ tí wọ́n ní ká má dárúkọ? Ohun tí mo fi tan ara mi jẹ nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n lè ní kí n má lò ó, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ lò ó. Mo tún ń sọ fún ara mi pé Japan jìnnà.

Mo gbàgbé pé fóònù wà. Àwọn ará Japan fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí orin náà, wọ́n fi pẹ́pẹ́yẹ kan sínú omi ìwẹ̀, ó ń jó. Bí orin bá parí, pẹ́pẹ́yẹ náà á dákẹ́ díẹ̀ kó tó pe orúkọ ìyẹ̀fun yẹn. Ibi tí Àǹtí máa ń dákẹ́ sí gan-an ni, torí bí mo ṣe kọ ọ́ fún wọn nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá pẹ́pẹ́yẹ náà jó lórí fóònù ní oríṣiríṣi ìlú, ó sì dé Houston níbí.

Dúpẹ́ ti di abiyamọ báyìí. Ẹ̀bùn lorúkọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta. Àǹtí ló máa ń lọ mú un ní daycare, àwọn náà ló máa ń wẹ̀ ẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó tibi iṣẹ́ dé. Lóṣù tó kọjá, Ẹ̀bùn wà nínú omi, ó ṣàdéédéé bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó kọ ọ́ dé ìparí, ó dákẹ́, ó wo ojú ìyá àgbà rẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

Àǹtí pè mí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò kọ́kọ́ dá ohùn wọn mọ̀.

"Àyọ̀ká ti padà wá," wọ́n ní. "Orin wa ló ń kọ. Èdè ibi tó ti ń bọ̀ ló fi ń kọ ọ́, mi ò gbọ́ ọ, but orin wa ni."

Láti ìgbà tí a ti sin ọmọ yẹn, mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n bi mí pé, "Ìwọ nìkan lo bá wa gbélé nígbà yẹn. Ṣé o kọ orin yẹn fún ẹnikẹ́ni rí?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Mo wa mọ́tò lọ sílé wọn lọ́jọ́ kejì. Mo fa Ẹ̀bùn sí kọ̀rọ̀, mo bi í pé níbo ló ti gbọ́ orin náà. "The duck, Auntie," ló sọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ẹnu pẹ́pẹ́yẹ fún mi. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Dúpẹ́, tí wọ́n bí sí Houston níbí, ò gba ọ̀rọ̀ àtúnwá gbọ́. Ó rò pé ọmọ òun kàn ń dá orin sílẹ̀ ni. Síbẹ̀ ó bá mi dé ìdí mọ́tò, ó ní, "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, just let her have it. Mi ò gbọ́ kí Mummy kọrin rí, in my whole life."

Inú Àǹtí ń dùn báyìí. Wọ́n yọ fọ́tò Àyọ̀ká tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí, wọ́n gbé e sí pálọ̀. Wọ́n bi mí níbi tí a sin ín sí, ohun tí wọn ò béèrè rí. Wọ́n ní àwọn ò bẹ̀rù ibẹ̀ mọ́, torí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò pe Ẹ̀bùn ní Ẹ̀bùn mọ́. Mo gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń sọ fún wọn pé, "I'm not Àyọ̀ká, Grandma." Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ọmọ ń wẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ó sì ti ń jẹ́ orúkọ òkú, nítorí tèmi.

Àǹtí fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí èyí, ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí sì ni. Pásítọ̀ ò fẹ́ gbọ́ pé òkú tún ayé wá, ṣùgbọ́n ó ti gbà kí wọ́n dúpẹ́ pé Ọlọ́run tù wọ́n nínú. Àǹtí fẹ́ kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí n sọ pé àwa nìkan la mọ orin yẹn láyé yìí. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti purọ́ níwájú Ọlọ́run, ọmọdé kan tó ní fóònù lọ́wọ́ sì lè tú u fó lọ́jọ́ kejì. Bí mo bá jẹ́wọ́, á dà bíi pé èmi ni mo tún sin Àyọ̀ká lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àǹtí tún pè mí nírọ̀lẹ́ àná. Wọ́n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ìwẹ̀ kí n lè gbọ́ àwọn méjèèjì. Àǹtí ń kọ "Omi gbóná, omi tutù", Ẹ̀bùn ń fi tiẹ̀ gbè é. Ohùn Àǹtí ti di ti àgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì dùn. Wọ́n dé ìparí, wọ́n dákẹ́. Ẹ̀bùn pe orúkọ ìyẹ̀fun náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

Àǹtí gbé fóònù sétí. "Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ níparí yẹn," wọ́n ní, "kí lo rò pé ó ń bá mi sọ?"

Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kò burú, tí ọmọ náà bá dàgbà, ó máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí irú ọ̀fọ̀ yìí ti ṣẹ̀ rí pàápàá, kí ni kí n sọ tí wọ́n bá pè mí síwájú lọ́jọ́ Ìsinmi?