Bébà Dídán Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa fáànù yẹn kí ẹ lè gbọ́ mi dáadáa, ẹ má sì gbé omi fún ẹnikẹ́ni, nítorí n kò pè yín jọ fún ìkíni. Ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ tí iná ti jó ọwọ́ Màmá ni mo fẹ́ pọ̀ síta lójú yín: lójú Màmá fúnra wọn, lójú ẹ̀gbọ́n mi, lójú Bùọ̀dá tí í ṣe àbúrò Màmá, àti lójú alága ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí mo bẹ̀ títí kí wọ́n tó gbà láti wá. Kì í ṣe Baba Onísùúrù, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí a gbé iṣẹ́ fún, ló dáná sun ọkọ̀ Bàbá mi. Èmi ni. Ẹ má pariwo. Ìgbà tí ó yẹ kí ẹ pariwo ti kọjá, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ lé àgbàlagbà kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, tí kò sí ẹnìkan nínú yín tí ó béèrè pé báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Gbogbo yín mọ ọkọ̀ náà, ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ ewé tí Bàbá máa ń nù ju bàtà wọn lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú ni ó ti wà nínú gáréèjì, tí eku ń jẹ wáyà rẹ̀ bí ẹni ń jẹ ogún. Kí eku tó dé rárá ni àwọn tí ó ń pe ara wọn ní oníṣẹ́ ti bà á jẹ́: ẹni tó bá dé yóò fi wáyà pupa kan lé òmíràn, yóò fi téèpù wé e, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí Baba Onísùúrù tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tó já bọ́ sílẹ̀ pọ̀ ju ìfun màlúù lọ. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Injiníà, ta ló di irun burúkú yìí fún ọkọ̀ bàbá ẹ?" Injiníà ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gba oyè nípa iṣẹ́ iná mànàmáná ní yunifásítì, orúkọ náà sì ti wọ̀ mí lórí ju bó ti yẹ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wọ́n fa ẹ̀wù àtijọ́ Bàbá ya sí wẹ́wẹ́, wáyà tí wọ́n bá sì ti rí orí àti ìdí rẹ̀, wọn yóò so àkísà mọ́ ọn. Èyí tí kò bá ní àkísà, àlejò ni wọ́n ń pè é. "A kì í fún àlejò tí a ò mọ ilé ẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa," ni wọ́n máa ń wí, wọn kò sì ní so ó mọ́ bátìrì láéláé. Inú ń bí mi. Wọ́n máa ń pẹ́ dé, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ jù, wọ́n sì máa ń wá síkúrúdiráfà káàkiri nígbà tí ó wà lẹ́yìn etí wọn. Lójú mi, ìjáfara lásán ni gbogbo àkísà yẹn.

Màmá, ẹ̀yin ni ẹ sọ pé bí ẹ bá lè gbọ́ họ́ọ̀nù ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, bí Bàbá ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ẹnu géètì, ara yóò tù yín. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wálé ní ọjọ́ kejì, ẹ sì fẹ́ kí họ́ọ̀nù náà kí i káàbọ̀. Mo lọ bá Baba Onísùúrù. Wọ́n mi orí. "Họ́ọ̀nù yẹn àti àlejò kan ń ṣe ọ̀rẹ́ níbì kan tí mi ò tíì rí. Ẹ ní sùúrù." Mo ní, "Bàbá, sùúrù yín ti pọ̀ jù." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Sùúrù kì í pọ̀ jù, ọmọ mi. Ìkánjú ló máa ń pọ̀." Wọ́n kó irin iṣẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ gáréèjì, mo sì so àlejò mọ́ bátìrì. Fíùsì já. Mo fi tuntun sí i. Ó tún já. Iṣẹ́ fíùsì ni kí ó já! Òun nìkan ni olóòótọ́ nínú ọkọ̀ yẹn. Ó ń kígbe fún mi pé wáyà tí eku ti jẹ ara rẹ̀ ń kan irin níbi tí ojú mi kò dé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbà mí sílẹ̀ pé n kò mọ̀. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì yege. Síbẹ̀, mo bọ́ bébà dídán lára ṣingọ́ọ̀mù, mo fi wé fíùsì tó já, mo sì tì í padà sí àyè rẹ̀. Olóòótọ́ ń sọ̀rọ̀, mo fi aṣọ dí i lẹ́nu. Họ́ọ̀nù dún.

Màmá, ẹ sáré jáde pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, ẹ ń pariwo pé, "Olówó orí mi ti dé!" Ẹ wọlé, ẹ jókòó síbi tí Bàbá máa ń jókòó, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Èéfín yọ. Mo ké pé kí ẹ bọ́ sílẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ ki ọwọ́ sínú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ń wá ìgò ojú Bàbá tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Irọ́ gbuu! Ìka tèmi ló ṣẹ̀; ìka aránṣọ ni iná jẹ, títí di òní kò sì lè di abẹ́rẹ́ mú.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò ti da yanrìn pa iná náà, mo rọra yọ bébà ọ̀hún kúrò nínú eérú. Bùọ̀dá, ẹ má wolẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ wò ó, ẹ wò mí, ẹ sì ní, "Jù ú sí ṣáláńgá. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ṣé o fẹ́ ba ara ẹ jẹ́ ni? Ẹni tí kò níwèé ẹ̀rí ni kó rù ú. Ta ló máa gbà á gbọ́?"

Bí Baba Onísùúrù ṣe dé nìyẹn, tí wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé, ẹ fa ọrùn ẹ̀wù wọn. Wọ́n ní, "Mi ò so wáyà yẹn! Mo fi í sílẹ̀ láìso ni! Injiníà, ìwọ ṣáà wà níbẹ̀. Bá mi sọ fún wọn." Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan." Ìyẹn gan-an ni ìwà ìkà mi. Iná tí mo dá, ìkánjú ló dá a. Èyí, ojú mi là sílẹ̀ kedere. Kò sì tó mi. Mo tún to èdè yunifásítì lé ara wọn láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe jẹ̀bi. Alága, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni: ẹjọ́ tèmi nìkan ni ẹ gbọ́ kí ẹ tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí wọn níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà fún ẹlòmíràn. Wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ìyá ẹ ńkọ́?" Mo ní ó ń san. Wọ́n ní, "Bá mi kí wọn. Ìwọ ni mi ò ní kí." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ alága kí wọ́n wá.

Bébà náà nìyí lórí tábìlì. N kò jù ú nù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yọjú lójú fèrèsé, tí ẹ kàwé bíi tèmi, bí fíùsì bá já, ẹ wá ohun tó já a. Bí ẹnìkan bá sì ń sọ òtítọ́ tí kò bá yín lára mu, ẹ má fi ìwé ẹ̀rí yín dí i lẹ́nu. Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ ní ọkàn mi, mo kúnlẹ̀ ní ara. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí alága dá ṣọ́ọ̀bù padà, kí ẹ̀gbọ́n mi lọ tọrọ àforíjì ní ojú títì níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà, kí èmi sì tún èyí sọ níbẹ̀ sí etí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Bùọ̀dá, mo rí i pé ẹnu yín ti ń là láti sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí, pé ọ̀rọ̀ ilé ni, kí a panu mọ́. Fíùsì ti já. Ẹ má tún fi bébà wé e.