Òpó Ilé-Ìwé àti Pùláànù Inú Kíláòdù

[Ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n, kọngílá tó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé-ìwé kan, ló pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ya pùláànù ilé náà. Àbúrò wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ariwo ẹ̀rọ ń wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n.]

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàsán o.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàsán. Ilé ńkọ́? Ọkọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Gbogbo wọn wà, a dú—

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Nǹkan kékeré ni mo fẹ́ bi ọ́. Irin tó máa wà nínú òpó, nínú pùláànù yẹn, ṣé mẹ́fà lo kọ síbẹ̀ àbí mẹ́jọ?

ÀBÚRÒ: Kí ló ṣe pùláànù ọwọ́ yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Òjò pa á díẹ̀. Pépà ni, kì í ṣe páànù.

ÀBÚRÒ: Ẹ kúkú ṣí èyí tó wà nínú kíláòdù.

Ẹ̀GBỌ́N: [ẹ̀rín] Ó tún ti dé! Ọmọ yìí àti kíláòdù ẹ̀, ìkùukùu òyìnbó. Èmi ò bi ọ́ léèrè ojú ọjọ́. Mẹ́fà àbí mẹ́jọ?

ÀBÚRÒ: Mẹ́fà kọ́, mẹ́jọ kọ́. Méjìlá ni.

[Ẹ̀rọ ṣì ń dún.]

Ẹ̀GBỌ́N: Méjìlá báwo? Kò sí méjìlá kankan nínú pépà tèmi.

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá, pépà wo lẹ mú dání?

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tí o fi ọwọ́ ara ẹ gbé lé mi lọ́wọ́, níwájú Màmá.

ÀBÚRÒ: Ìyẹn ṣáájú ìpàdé! Ẹ ò rántí ìpàdé tá a bá ọ̀gá ilé-ìwé ṣe? Obìnrin yẹn ní òun fẹ́ táǹkì omi lórí òrùlé, òun tún fẹ́ yàrá ìkàwé lókè. Mo tún gbogbo òpó yà. Mo ní kí ẹ má lo ti àtijọ́ mọ́. Mo fi link ránṣẹ́—

Ẹ̀GBỌ́N: O fi kí ni ránṣẹ́? Ṣé o gbọ́ mi? Network yìí—

ÀBÚRÒ: Link! Ohun tí ẹ máa tẹ̀ kí pùláànù lè ṣí, sórí fóònù ńlá yín!

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tí ọmọ mi rà fún mi? Tọ́ọ̀ṣì ni mo ń fi ṣe.

ÀBÚRÒ: Háà. Wọ́n ra ẹṣin fún un, ó ń sá aṣọ sí i lẹ́yìn.

Ẹ̀GBỌ́N: Má bú mi o. Ẹ̀yìn mi yìí lo tọ̀ sí nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́.

ÀBÚRÒ: Mi ò bú yín, sà. Ẹ kàn sọ fún mi, ẹ̀rọ wo ló ń dún yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rọ wo?

ÀBÚRÒ: Èyí tó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ yẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹn… a ti bẹ̀rẹ̀ sí í po kọnkéré. A ti da òpó kan. Ibi tá a ti fẹ́ da èkejì ni bíríkìlà àgbà ti ń bi mí ní iye irin.

ÀBÚRÒ: Ẹ ti da— Ẹ dá a dúró!

Ẹ̀GBỌ́N: Kí n dá kí ni dúró? Kọnkéré tí wọ́n ti pò? Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Á le.

ÀBÚRÒ: Kó le sórí ilẹ̀! Ó sàn ju kó le sínú òpó tí ò tọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jókòó lókè yẹn!

Ẹ̀GBỌ́N: Gbọ́ mi dáadáa. Mo ti ń kọ́lé kí o tó mọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú. Irin mẹ́fà ló gbé ilé Bàbá dúró títí dòní.

ÀBÚRÒ: Kí ni ilé Bàbá gbé rù? Páànù àti ológbò!

Ẹ̀GBỌ́N: [òṣé] Ó dáa. Ka ti tuntun náà sí mi létí, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

ÀBÚRÒ: Kí n ka yíyà sí yín létí? Ṣé ìròyìn ni? Ẹ gbọ́dọ̀ fojú rí ibi tí irin kọ̀ọ̀kan dúró sí. Òpó náà gan-an ti fẹ̀ sí i. Ẹ ṣí kíláòdù, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Níbo gan-an ló wà? Kò tíì sẹ́ni tó lè mú mi dé ilé ẹ̀. Ẹrù mi, lójú sánmà? Ojú olójú ò jọ ojú ẹni o.

ÀBÚRÒ: Ta ló sọ ojú sánmà fún yín? Orí ilẹ̀ ló wà. Ilé ràgàjì ni, kọ̀ǹpútà kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí wọn tọ̀sán tòru, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé yẹn kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí mo bá kó síbẹ̀, wọ́n á tún ṣe ẹ̀dà ẹ̀ síbòmíràn. Kí òjò pa ọ́fíìsì mi, kí iná jó o, pùláànù wà. Bí mo bá tún ìlà kan yà níhìn-ín, ẹ̀yin á rí i lọ́hùn-ún lójú ẹsẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: "Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà" ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn.

ÀBÚRÒ: [òṣé] Ẹ wò ó bí omi ẹ̀rọ. Ṣé ẹ máa gbẹ́ kànga torí pé ẹ fẹ́ bọ́jú ni? Ẹ kàn máa ṣí i, ẹ ó lò ó, ẹ ó sanwó ìwọ̀n tí ẹ lò. Èmi ò ra kọ̀ǹpútà ńlá kankan. Tiwọn ni mò ń lò.

Ẹ̀GBỌ́N: Ayálégbé ni ọ́ nígbà náà! Tí onílé bá yọjú wo ẹrù rẹ ńkọ́? Tó bá fi owó kún owó ilé ńkọ́? Tí olè bá wọ ibẹ̀, ẹrù gbogbo ayé ló kó lẹ́ẹ̀kan. Tí network bá sì lọ, bó ṣe ń ṣe yìí, ìta ni wàá dúró sí, wàá máa wo ilẹ̀kùn bí àlejò tí wọn ò retí.

ÀBÚRÒ: Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ìdí tí password, ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀, fi wà nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Kì í sì í ṣe olè lẹ ń bẹ̀rù, Bọ̀ọ̀dá. Pé àbúrò yín ló ní kí ẹ ṣí i, ìyẹn ló ń dùn yín.



BÍRÍKÌLÀ ÀGBÀ: [láti ọ̀ọ́kán] Ọ̀gá! Ṣé ká máa dà á lọ?

ÀBÚRÒ: Rárá o! Ẹ sọ fún un—

Ẹ̀GBỌ́N: [igbe] Ẹ fara balẹ̀ ná! [sínú fóònù] Mò ń mú fóònù ńlá náà jáde. Dúró. Mò ń gun òkìtì yanrìn, ibẹ̀ ni network wà. [èémí] Hẹ̀n. Mo ti tẹ nǹkan tí o fi ránṣẹ́. Ó ní kí n mú password wá.

ÀBÚRÒ: Oríkì tí Màmá fi ń pè yín ni.

Ẹ̀GBỌ́N: O fi oríkì mi ṣe password?

ÀBÚRÒ: Kí ẹ má bàa gbàgbé.

Ẹ̀GBỌ́N: [ó rọra ń tẹ̀ ẹ́] Hùn. Ó ti ṣí. Mo rí pùláànù. Dúró, jẹ́ n wò ó… Mẹ́fà! Mẹ́fà ló wà níbí! Kí ni mo ń sọ látàárọ̀? Ẹ̀yin kíláòdù! Ẹ wá wò ó o!

ÀBÚRÒ: Kò lè jẹ́— Áà. Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Pùláànù méjì ló wà níbẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni tuntun.

Ẹ̀GBỌ́N: Méjì? O kó òkú àti alààyè sínú yàrá kan, o wá ń bú ẹni tí kò dá wọn mọ̀? Ìwọ ọ̀mọ̀wé!

ÀBÚRÒ: Ẹ̀bi mi nìyẹn. Ẹ ó bú mi tó bá yá. Ẹ ṣí ti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Nǹkan róbótó kan ń yí lójú ẹ̀. Ó ń yí. Kíláòdù yín ń mí gúlegúle bí arúgbó tó ń gun òkè. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mò ń gbọ́ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti dé.

[Ẹ̀rọ nìkan ló ń dún.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá?

Ẹ̀GBỌ́N: Igun tá a ti da òpó yẹn… orí ẹ̀ gan-an lo ya táǹkì sí.

ÀBÚRÒ: Orí ẹ̀ gan-an ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Irin mẹ́fà la fi síbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Tí mo bá ní kí wọ́n tú u, àwọn èèyàn yìí á fi mí ṣẹlẹ́yà títí a ó fi kọ́ ilé yìí tán.

ÀBÚRÒ: Kí wọ́n fi yín ṣẹlẹ́yà. Ó sàn ju kí wọ́n máa fi ṣọ́bìrì wá ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́ ẹ̀ lọ.

[Èémí gígùn.]

Ẹ̀GBỌ́N: [igbe] Ẹ pa ẹ̀rọ! Mo ní kí ẹ pa á! Ẹ tú pákó ara òpó igun yẹn, ẹ gbọ́n kọnkéré inú ẹ̀ jáde kó tó le! Ta ló ń bi mí pé kí ló dé? Èmi ni mo ní kí ẹ dà á, èmi náà ni mo ní kí ẹ tú u! Mo ṣì í ṣe!

[Ẹ̀rọ kú. Ẹ̀rín àwọn òṣìṣẹ́. Pákó ń já bọ́ lulẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá.

Ẹ̀GBỌ́N: Má dúpẹ́ o. Tètè gbé òkú tìrẹ náà kúrò níbẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa lọ rí i kó kọ́lé lé e.

ÀBÚRÒ: Mò ń yọ ọ́ kúrò báyìí. Ẹ máa wò ó.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí n máa wo kí— Hẹ̀n! Ó ti lọ! Lójú mi báyìí, ó pòórá! Ibo lo wà tí o ti na ọwọ́ dé ibí? Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ibo lo— Ṣé o gbọ́—

[Ìpè já.]